Ẹni Tí Ń Ṣọ́ Ọjà ní Ṣọ́ọ̀bù: Iṣẹ́ Rẹ̀ àti Tiwa

Ọ̀rọ̀ tí a bá ìpàdé ẹ̀ka sọ

Ẹ̀yin tí ẹ ti ẹnu iṣẹ́ òru bọ́ síbí láìtíì fojú ba oorun, ẹ kú ìrọ́jú. A ó gbìyànjú kí ọ̀rọ̀ wa má gùn jù.

Àwa tí ìgbìmọ̀ ní kí a sọ̀rọ̀ lónìí ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù ńlá, àwọn kan lára wa lẹ́nu ọ̀nà, àwọn kan níbi tí wọ́n ti ń gba ọjà sílẹ̀, àwọn kan nídìí ìwé kíka ọjà. Iṣẹ́ wa ni kí ọjà má sọnù. Nígbà tí a gbọ́ pé ẹ̀yin awakọ̀ àti ẹ̀yin ará ilé-iṣẹ́ ni a ó bá sọ̀rọ̀, a mọ̀ pé àwọn kan yóò máa rò ó lọ́kàn pé, kí ló kan àwa nínú ọ̀rọ̀ ọlọ́dẹ ṣọ́ọ̀bù? Ó kàn yín gan-an. Ọjà tí ẹ fi ọwọ́ yín ṣe nídìí ẹ̀rọ, ọkọ̀ yín ló ń gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Bí wọ́n bá kà á tí kò pé, ẹ̀yin ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò lójú, lẹ́yìn náà àwa. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ti ka ìwé mẹ́wàá tán, iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń kọ́kọ́ rí ṣe. Ó yẹ kí bàbá àti ìyá wọn mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé olè mímú ni iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ̀ṣọ́ tó mú olè mẹ́wàá lóṣù kan kò tíì ṣiṣẹ́ tó ẹni tí olè wọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí kò rí àyè jí nǹkan. Ohun èlò tó dára jù lọ lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ kì í ṣe kóńdó, "Ẹ káàbọ̀ sà, ẹ káàbọ̀ mà" ni. Ẹni tó wá rajà, inú rẹ̀ dùn pé wọ́n kí òun. Ẹni tó wá jalè kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo ojú òun. Bí o bá ti kí i, tí o bi í pé kí ni ó ń wá, ó ti mọ̀ pé o rí òun, yóò sì wá ibòmíràn lọ.

Àwọn ìyá wa lọ́jà mọ èyí kí òyìnbó tó kọ́ ṣọ́ọ̀bù kankan síbí. Ẹ wo ìyá alátẹ ní Oyíngbò tàbí ní Dùgbẹ̀. Ohun tó wọ́n ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún rẹ̀, ohun tí kò tó nǹkan ló wà lọ́hùn-ún, owó rẹ̀ sì wà lábẹ́ ìró. Bí o bá fẹ́ mú nǹkan, òun ni yóò gbé e lé ọ lọ́wọ́. Bí ṣọ́ọ̀bù òyìnbó náà ṣe rí láyé àtijọ́ nìyẹn: oníṣọ́ọ̀bù wà lẹ́yìn káńtà, oníbàárà wà níwájú. Ní ọdún 1916 ni Clarence Saunders ṣí ṣọ́ọ̀bù kan tó pè ní Piggly Wiggly ní ìlú Memphis ní Amẹ́ríkà, ó sì ní kí oníbàárà gbé apẹ̀rẹ̀, kí ó wọ àárín ọjà lọ, kí ó mú ohun tó wù ú, kí ó wá sanwó nígbà tó bá ń jáde. Ó dín iye òṣìṣẹ́ kù fún oníṣọ́ọ̀bù, ọjà sì ń tà. Ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n mú káńtà kúrò láàrin oníbàárà àti ọjà ni iṣẹ́ tiwa yìí bẹ̀rẹ̀ sí í di ńlá. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí àwọn ọ̀gá a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìwà òṣìṣẹ́ nìkan ló ń sọ ọjà nù. Àwọn fúnra wọn ló dín òṣìṣẹ́ kù tí wọ́n sì ṣí ọjà sílẹ̀ gbayawu.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ wá àtúnṣe. Lẹ́yìn ọdún 1960, Arthur Minasy àti Ronald Assaf wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti máa ta ike kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ọjà. Máníjà ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ni Assaf ní ìlú Akron ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa rẹ̀ ni pé olè kan gbé ọtí wáìnì sá jáde mọ́ ọn lójú, ó lé e, kò bá a. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọjà tí ike yìí wà lára rẹ̀ gba àárín òpó méjì tó wà lẹ́nu ọ̀nà, òpó á ké. Nígbà tó di ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 1974, ní ìlú Troy ní ìpínlẹ̀ Ohio kan náà, kaṣíà kan fi ẹ̀rọ ka àwọn ìlà dúdú tó wà lára páálí ṣingọ́ọ̀mù kan, ìyẹn sì ni ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ta ọjà ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn àgbà inú wa rántí Kingsway ní Marina l'Ékòó àti ní Dùgbẹ̀ n'Íbàdàn, tí wọ́n ti kógbá sílé tipẹ́. Lẹ́yìn tí Shoprite ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Lẹ́kí ní oṣù Kejìlá ọdún 2005, irú ṣọ́ọ̀bù tó ní kámẹ́rà lókè bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí òpó tí ń ké yìí. Òpó kò mọ olè. Ohun tó mọ̀ ni pé ike kan kọjá láàrin òun. Kaṣíà ló yẹ kó yọ ike náà tàbí kó pa agbára rẹ̀ nígbà tí oníbàárà sanwó. Bí èrò bá pọ̀ níwájú rẹ̀, tó gbàgbé, ẹni tó sanwó pé pérépéré ni òpó yóò ké lé lórí. A ti rí ẹ̀ṣọ́ tó fò mọ́ ìyá arúgbó nítorí irú èyí, tó da ẹrù ìyá náà sílẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò rọra sún mọ́ ọn, yóò ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ó dà bíi pé kaṣíà wa gbàgbé nǹkan kan lára ọjà yín, ẹ jẹ́ ká bá yín wò ó." Ẹ̀bi wà lórí ṣọ́ọ̀bù títí a ó fi rí ohun mìíràn. Bí ó bá sì jẹ́ olè lóòótọ́, ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ kò ní kí á má mú un.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ọjà ń gbà sọnù gan-an, ojú kì í rí i lẹ́nu ọ̀nà. Inú ìwé ló wà. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ọjà tó wà nílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ oṣù, ẹ fi èyí tó wọlé kún un, ẹ yọ èyí tí a tà àti èyí tó bàjẹ́ kúrò, iye tó kù nínú ìwé gbọ́dọ̀ bá iye tó wà lórí pẹpẹ mu. Ẹ jẹ́ ká sọ pé páálí mílíìkì 60 wà nílẹ̀, 140 wọlé, ó di 200. A ta 150, 6 bàjẹ́. Ó yẹ kí 44 kù. A ka pẹpẹ, a ka ẹ̀yìn ilé, 32 ni a bá. Páálí 12 dà?

Máníjà tí kò mọ iṣẹ́ yóò pariwo olè lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò béèrè pé: ṣé 140 ni lọ́rì já sílẹ̀ lóòótọ́, àbí 128 ni wọ́n já tí ẹnì kan sì fọwọ́ sí 140? Ṣé gbogbo èyí tó bàjẹ́ ni wọ́n kọ sílẹ̀, àbí wọ́n kàn kó o dànù lálẹ́? Ṣé kaṣíà kò fi ẹ̀rọ ka páálí kékeré nígbà tó ń ta ńlá? Ṣé kò sí páálí kankan tó wà lábẹ́ ọjà mìíràn ní sítọ̀? Bí gbogbo ìwọ̀nyí bá ti tán, ìgbà náà ni a ó tó wá olè. Olè sì lè wà o. A kò sọ pé kò sí.

Nítorí náà, ẹ̀yin awakọ̀, ibi tí wọ́n ti ń gba ọjà ni ẹ ti gbọ́dọ̀ la ojú yín jù. Ní ilé-iṣẹ́ kan tí a kò ní dárúkọ, awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ wa kan gbé ọjà dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ́, òjò ń rọ̀, àwọn tó fẹ́ gbà á ti múra ilé. Wọ́n já ẹrù náà sílẹ̀ wàràwàrà, wọ́n ní kó máa lọ, pé àwọn yóò kà á lọ́jọ́ Ajé. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ní páálí tòmátì alágolo 15 kò pé. Kò sí ẹni tó fọwọ́ sí wéébìlì lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí bẹ́ẹ̀ awakọ̀ kò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Wọ́n pín owó rẹ̀ lé òun àti ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ lórí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ nínú owó oṣù wọn. Lẹ́yìn oṣù méjì tí a ka gbogbo sítọ̀, a bá páálí 15 náà. Ẹni tó tò wọ́n ti kọ wọ́n sábẹ́ orúkọ tòmátì ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ẹ̀ka gbé ọ̀rọ̀ náà dìde, wọ́n dá owó awakọ̀ padà. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ìtìjú, wọ́n ti ń pè é ní olè tòmátì ní ọgbà, a kò sì rí i mọ́ títí di òní láti fún un ní owó rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó fi àrán bora, aṣọ olè ló fi bora. Ẹni tí kò jalè rárá ńkọ́, tí àwọn ọ̀gá gbé aṣọ olè wọ̀?

Ohun tí a ń sọ fún awakọ̀ ni pé kí ó kọ nọ́ńbà síìlì ara ọkọ̀ sínú ìwé tirẹ̀ kí ó tó kúrò ní ilé-iṣẹ́. Kí ó má já síìlì náà lóun nìkan, kí ẹni tó fẹ́ gba ọjà dúró tì í. Kí àwọn méjèèjì ka páálí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí olúkúlùkù kọ iye tirẹ̀ kí wọ́n tó fi wéra. Bí páálí kan bá ya, ẹ ṣí i lójú ara yín. Bí wọ́n bá ní àwọn kò ní kà á, kọ ọ́ sójú wéébìlì pé wọn kò kà á, kọ wákàtí rẹ̀, kí ẹni tó wà níbẹ̀ fọwọ́ sí i. Mú ẹ̀dà tìrẹ dání, má sọ ọ́ nù títí wọn yóò fi ka ọjà oṣù náà tán. Ẹ̀ṣọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí awakọ̀ tó ń ṣe báyìí. Àwa ìbá fẹ́ kí gbogbo yín máa ṣe é.

Lórí owó oṣù tí wọ́n ń yọ, òfin wà níbẹ̀. Abala 5 nínú Òfin Iṣẹ́, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1974, kò jẹ́ kí agbanisíṣẹ́ yọ owó ìtanràn lára owó oṣù. Bí ó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ ni, tàbí pé àìbìkítà rẹ̀ ló sọ nǹkan nù, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń mójú tó ọ̀ràn iṣẹ́, kí iye náà sì jẹ́ èyí tó bójú mu. Gbogbo owó tí wọ́n bá yọ lóṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù lọ. Ìwé àṣẹ yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Èyí tí wọ́n máa ń ṣe, tí wọ́n á pín gbogbo ọjà tí kò pé lóṣù lé gbogbo òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù lórí, ẹlẹ́ṣẹ̀ àti aláìṣẹ̀, ìrẹ́jẹ ni, ó sì tún ń sọ iṣẹ́ wa di ẹlẹ́yà, nítorí kò sí ẹni tí yóò tún wá ìdí ohun tó sọnù bí owó rẹ̀ bá ti wọlé.

A kò gbọdọ̀ tan ara wa jẹ. Bí ikú ilé kò pani, tòde kò lè pani. Àwọn kaṣíà kan wà tí ọ̀rẹ́ wọn á gbé ọjà márùn-ún wá, wọ́n á fi ẹ̀rọ ka méjì. Àwọn kan á kọ ọ́ pé oníbàárà dá ọjà padà, kò sí oníbàárà kankan, wọ́n á sì mú owó. Àwọn awakọ̀ kan wà tó mọ ibi tí wọ́n ti ń já páálí méjì sílẹ̀ lọ́nà. Ẹ kò gbọdọ̀ rò pé ẹgbẹ́ jẹ́ ibi tí olè ń sá pamọ́ sí. Abala 390 nínú Criminal Code fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta lélẹ̀ fún olè jíjà, ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ bá jí ohun ìní ọ̀gá rẹ̀, ọdún méje ni. Ohun tí ẹgbẹ́ ń béèrè ni ẹ̀rí, àti pé kí wọ́n gbọ́ tẹnu ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kí wọ́n tó lé e.

Ẹ̀yin ará ilé-iṣẹ́, ọ̀rọ̀ yíyẹ ara wò lẹ́nu géètì náà nìyí. Kò sí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀, a mọ̀. Bí wọn yóò bá yẹ ènìyàn wò, kí wọ́n yẹ gbogbo ẹni tó ń jáde wò, títí kan máníjà tó wà nínú mọ́tò rẹ̀. Obìnrin ni kó yẹ obìnrin wò. Kò sí ìdí kankan tí wọ́n fi ní láti bọ́ aṣọ lára òṣìṣẹ́. Àpò tí wọ́n ṣí lójú ẹni tó ni ín, ìyẹn tó.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tó wúwo lọ́kàn wa. Òfin fún ẹnikẹ́ni láyè láti mú ẹni tó ń jalè lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní kí ó fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ láìjáfara. Kí ẹ̀ṣọ́ tó fọwọ́ kan ènìyàn, ó gbọ́dọ̀ ti fi ojú ara rẹ̀ rí i tó mú ọjà lórí pẹpẹ, tó fi pamọ́, tó kọjá ibi ìsanwó láìsan. Kò sì gbọdọ̀ gbé ojú kúrò lára rẹ̀ láàrin ìgbà náà. Bó bá gbé ojú kúrò, ẹni náà lè ti dá ọjà padà sórí pẹpẹ, ìwọ ni yóò sì wá máa ṣàlàyé. Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 sọ ní abala 34 pé a kò gbọdọ̀ fìyà oró jẹ ẹnikẹ́ni, ó sọ ní abala 36 pé aláìṣẹ̀ ni ẹni tí a fẹ̀sùn kàn títí ẹ̀rí yóò fi dá a lẹ́bi, ó sì sọ ní abala 35 pé bí kóòtù bá wà láàrin kìlómítà 40, kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n mú lọ síwájú rẹ̀ láàrin ọjọ́ kan. Ẹ̀yin náà mọ bí nǹkan ṣe máa ń rí ní títì. Wọ́n á ti pariwo "olè" kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ohun tó jí, igi á ti dé, táyà á ti dé, epo bẹntiróòlù á ti dé. Ẹ̀ṣọ́ tó ti ènìyàn jáde sọ́wọ́ irú èrò bẹ́ẹ̀ nítorí agolo mílíìkì ti ṣe ohun tí kò ní àtúnṣe. Ẹni tó bá mú ni kí ó mú wọnú ilé, kí ó ti ilẹ̀kùn, kí ó ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá, kí ẹnìkejì wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn. Bó bá jẹ́ obìnrin ni wọ́n mú, kí obìnrin wà níbẹ̀.

Ní ti àwọn ọmọ yín tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, wọ́n lè ti ìdí rẹ̀ gòkè. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ibi ìgbàjà, yàrá kámẹ́rà, ìwé kíka ọjà, títí dé ipò ẹni tí ń ṣe alábòójútó gbogbo rẹ̀. Ohun tó ń gbé ènìyàn gòkè kì í ṣe ara ńlá. Ìṣirò ni, àti ìwé kíkọ. Kí ó lè kọ ohun tó rí sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, pẹ̀lú wákàtí rẹ̀, kí ó má kọ ohun tí wọ́n sọ fún un bí ẹni pé òun ló rí i. Ìwé yẹn ni lọ́yà yóò gbé sí i lójú ní kóòtù lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Ṣùgbọ́n kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí ó mọ ẹni tó gbà á síṣẹ́. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kì í gba ẹ̀ṣọ́ fúnra wọn mọ́, kọ́ńtírákítọ̀ ló ń kó wọn wá. Ṣọ́ọ̀bù á san owó fún kọ́ńtírákítọ̀, kọ́ńtírákítọ̀ á yọ tirẹ̀, èyí tó kù ni ẹ̀ṣọ́ á mú lọ sílé lẹ́yìn wákàtí 12 lórí ìdúró, láìsí àga. Bí ó bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ní kì í ṣe òṣìṣẹ́ àwọn. Òfin ọdún 1986 lórí ilé-iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ aládàáni ní kí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gba ìwé àṣẹ ìjọba, kò sì fún ẹ̀ṣọ́ wọn láyè láti gbé ìbọn. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Keje ọdún 2024 fi ₦70,000 ṣe owó oṣù tó kéré jù lọ. A mọ ẹ̀ṣọ́ tí kò rí iye yẹn gbà, tó sì ń ṣọ́ ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán tí owó rẹ̀ ju owó oṣù rẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ẹni tí ebi ń pa ni wọ́n fi ṣọ́ abà iṣu. Kí ọmọ yín béèrè ìwé ìgbanisíṣẹ́ kó tó wọ aṣọ ẹ̀ṣọ́, kó kà á, kó sì mú un wá kí a bá a kà á. Bí àwọn ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́ yín kò bá sí nínú ẹgbẹ́ kankan, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀. Òṣìṣẹ́ bíi tiyín ni wọ́n, bí wọ́n tilẹ̀ ń yẹ àpò yín wò.

Wéébìlì tí a kọ ọ̀rọ̀ sí gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹ̀ka, ẹ gbà á kí ẹ wò ó. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ti yọ owó rẹ̀ nítorí ọjà tí kò pé, kí ó mú ìwé owó oṣù rẹ̀ wá fún akọ̀wé kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé. A ó gba ìbéèrè yín báyìí, àwọn awakọ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn kan nínú wọn ní láti padà sí gáréèjì.